Eré gígùn lórí òkè oníyìnyín: Ìbàdàn ni mo wà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́_Asáré

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sáré nílùú yìí àti ẹ̀yin tí ẹ ti rìnrìn àjò jìnnà. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Mo rí àyè ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta gbà ní Davos, ní Switzerland, oṣù Jánúárì ni mo máa gbéra. Ẹni tí a jọ máa wà níbẹ̀ gbọ́ pé mo ń sáré. Ó ní tí mo bá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n bá àwọn sá eré gígùn kan tí àwọn fi ń múra sílẹ̀ fún ìdíje ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Kìlómítà 22 ni, láti inú ìlú, gba àárín òkè méjì gòkè lọ, kí wọ́n tó yí padà. Yìnyín ló máa ń bo gbogbo ibẹ̀ lákòókò yẹn.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ni mò ń sáré. Tó bá di Sátidé, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la máa ń gbéra ní Mọ́kọ́lá, a gba Sáńgo dé ẹnu géètì UI, a gba Bódìjà padà, a tún yí ká títí kìlómítà 20 sí 24 á fi pé. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ààbọ̀ ni mo fi ń sá kìlómítà kan. Ẹsẹ̀ kì í ṣe ìṣòro mi. Yìnyín kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni èyí tó wà nínú fírísà ìyá mi. Kí ni kí n rà? Kí ni kí n máa ṣe láti oṣù Ọkítóbà tí a wà yìí? Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù? Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá_Ìbejì_ÒkèÀdó

Àbúrò, o kú oríire. Ọlọ́run á jẹ́ kó yọrí sí rere.

O ní ẹsẹ̀ kì í ṣe ìṣòro rẹ. Jẹ́ kí n ta kò ọ́ díẹ̀. Ọ̀nà Mọ́kọ́lá sí UI ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tiẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan níbẹ̀ tí o ti máa gòkè fún ogójì ìṣẹ́jú láìrí ìsọ̀kalẹ̀. Ìlú olókè méje ni wọ́n ń pe Ìbàdàn, àmọ́ bí o bá dúró lórí Òkè Ààrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́ Bọ́wà, tí o ń wo gbogbo páànù ìlú nísàlẹ̀, o kò tíì ga tó 300 mítà ju òkun lọ. Davos tí o ń lọ, àárín ìlú gan-an, 1,560 mítà ni.

Ohun tí mo máa ní kí o ṣe nìyí. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, fi ọ̀nà UI sílẹ̀. Lọ sí Òkè Ààrẹ tàbí Òkè Mápó. Kó píọ̀ wọ́tà mẹ́jọ sínú báàgì ẹ̀yìn, ìyẹn tó nǹkan bíi kílò mẹ́rin. Wá ibi tó dagun jù, kí o máa fi ìrìn líle gùn ún, má sáré. Bí o bá dé òkè, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí o tún gùn ún. Wákàtí kan gbáko. Ìgbà tó bá kù kí o sọ̀kalẹ̀ ìkẹyìn, bẹ́ àwọn omi náà, mu ọ̀kan, bu ìyókù fún àwọn ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀, kí o wá fi báàgì òfìfo sáré sọ̀kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń fọ́ itan ju ìgòkè lọ. Ẹni tí itan rẹ̀ kò bá mọ ìsọ̀kalẹ̀, orí yìnyín tó ń yọ̀ ni itan náà máa ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ sì lèèyàn ti ń ṣubú.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wá ibi tí iyanrìn rírọ̀ wà, sáré níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. N kò tíì fẹsẹ̀ tẹ yìnyín rí, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tí mo kọ́ ní eré tó ti dé òkè òkun ló ń sọ pé bí iyanrìn ló ṣe ń já lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ló nílò agbára níbẹ̀. Bí o bá ń fọ eyín láàárọ̀, ẹsẹ̀ kan ni kí o fi dúró, kí o sì pa ojú dé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí o gbàgbé ìṣẹ́jú mẹ́fà ààbọ̀ rẹ yẹn. Wákàtí ni kí o máa kà láti ìsinsìnyí, má ka kìlómítà mọ́.

ỌmọYemẹtu_Zürich

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ẹsẹ̀. Èmi fẹ́ sọ ti aṣọ, nítorí aṣọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ọdún kọkànlá mi rèé níbí. Ọdún àkọ́kọ́, àwọn kan ní ká lọ sáré lórí òkè ní oṣù Febúárì. Èmi tí òtútù ń bà lẹ́rù, mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú, mo wọ tíṣáàtì òwú lé e, mo wọ suwẹ́tà, mo tún wọ jákẹ́ẹ̀tì ńlá. Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, inú mi dùn, ara mi móoru bí ẹni tó wà ní Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. A dé orí òkè kékeré kan, a dúró ya fọ́tò, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Atẹ́gùn kan fẹ́. Gbogbo òógùn tó wà nínú òwú yẹn di omi tútù sí mi lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo fẹ́ fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì mi sókè, mo ń wo ìka mi, wọ́n wà lórí síìpù náà, ṣùgbọ́n wọn ò dì í mú. Ẹni tí a jọ lọ ló fà á fún mi bí ẹni ń múra fún ọmọ ilé-ìwé. Bí mo bá dá nìkan wà lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ bí ì bá ti rí.

Nítorí náà, òwú kò gbọ́dọ̀ kan ara rẹ. Ó máa ń mu omi, kì í sì í tètè gbẹ. Aṣọ tó kan ara ní láti jẹ́ pólísítà tàbí irun àgùntàn, kó lẹ̀ mọ́ ọ lára. Èyí tó tẹ̀ lé e, kó fúyẹ́, kó ní irun díẹ̀ nínú. Èyí tó wà lókè pátápátá, kó jẹ́ ohun tí atẹ́gùn kò lè gbà kọjá. Jákẹ́ẹ̀tì ńlá tó nípọn, inú báàgì ni tiẹ̀. Ìgbà tí o bá dúró nìkan lo máa wọ̀ ọ́, kí o sì wọ̀ ọ́ kí òtútù tó mú ọ. Tí ara rẹ bá móoru nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé, aṣọ rẹ ti pọ̀ jù. Òtútù díẹ̀ gbọ́dọ̀ máa mú ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Ní ti owó, òkìríká ni kí o wá. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni aṣọ òtútù wọn ń já sí, àwọn tó ń tà á kì í sì í gbówó lérí rẹ̀ nítorí kò sẹ́ni tó ń rà á nílé. Yí ọrùn aṣọ padà, ka lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Tí o bá rí *cotton* níbẹ̀, dá a padà. Tí o bá rí *wool*, *merino* tàbí *polyester*, yọwó rẹ̀. Bàtà nìkan ni kí o rà tuntun, kó fi díẹ̀ tóbi ju èyí tí o ń wọ̀ nílé lọ. Má wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì tó há mọ́ra wọn, nítorí bàtà tó bá fún ẹsẹ̀ pọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ìka, ìka tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì dé ni òtútù ń kọ́kọ́ pa.

Nọ́ọ̀sì_Títí

Ẹ kú ìjíròrò o. Kí a tó tẹ̀ síwájú lórí aṣọ, mo ní ìbéèrè kan fún àbúrò wa. Kí ni jẹnótáìpù rẹ? Ṣé AA ni àbí AS?

Àbẹ̀kẹ́_Asáré

AS ni mí, mà. Ṣé wàhálà wà níbẹ̀ ni? N kò ronú kàn án rí, àfi tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá dé.

Nọ́ọ̀sì_Títí

Ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè. Ìgbà ìgbéyàwó nìkan la máa ń rántí rẹ̀ nílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lórílẹ̀-èdè yìí ló jẹ́ AS.

N kò sọ pé kí o má lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ AS ló ń gun òkè tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Díẹ̀ nínú ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ lè yí padà, kí ó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pupa tẹ̀ bíi dòjé, bí ọ́síjìn bá kéré. Ní Ìbàdàn, ọ́síjìn pọ̀ débi pé o ò lè mọ̀ ọ́n lára. Bí a bá gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i. Ní Davos, èémí kan tí o bá mí máa fún ọ ní nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ohun tó ń fún ọ nílé. Bí o bá gòkè dé 2,600 mítà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kù. Tí èèyàn bá wá ń sáré kíkankíkan níbẹ̀, tí omi ara rẹ̀ sì ti gbẹ, ìyọnu lè dé bá ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ ìhà òsì, tí wọ́n ń pè ní *spleen*. Ẹ̀jẹ̀ lè má dé ibẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ìrora tó bá dé bá ọ lábẹ́ ìhà òsì, lápá òkè ikùn, tàbí tó ń ta dé èjìká òsì, má sọ pé ìrora eré lásán ni. Dúró. Sọ̀ kalẹ̀. Lọ sí ilé ìwòsàn, kí o sì sọ fún wọn fúnra rẹ pé *sickle cell trait* ni ọ́, ìyẹn ni orúkọ tí wọ́n ń pe AS. Dókítà ibẹ̀ lè má ti rí irú rẹ̀ rí, ó sì lè máà wá sí i lọ́kàn láti béèrè. Kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, fi sínú àpò báàgì rẹ, kí ẹni tí ẹ jọ ń sáré mọ ibi tó wà.

Kí o tó lọ, rí dókítà níbí, sọ ibi tí o ń lọ àti ohun tí o fẹ́ ṣe. Tí o bá dé ọ̀hún, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìrìn nìkan. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé ọ, tí oúnjẹ kò wù ọ́ jẹ, má gòkè sí i títí yóò fi lọ. Bí kò bá lọ, sọ̀ kalẹ̀. Mu omi dáadáa, nítorí òtútù máa ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé òùngbẹ. Má sì fi gbogbo agbára sáré gòkè láìsinmi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ẹ kò bá mọ jẹnótáìpù yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Tí èsì àyẹ̀wò yín kò bá dá yín lójú, ẹ tún un ṣe.

Ṣẹ́gun_Adágún_Ẹlẹ́yẹlé

Ní tèmi o, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ òtútù le tó báyìí. Ọyẹ́ ń bọ̀. Tí ọyẹ́ bá dé ní Dìsẹ́ńbà, kó máa jáde ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, kó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan, ara rẹ̀ á mọ òtútù kó tó lọ.

ỌmọYemẹtu_Zürich

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ tó ń gbọ̀n wá nílé, bóyá 18 tàbí 20 dígírì Sẹ́líṣíọ̀sì lórí òṣùwọ̀n ni. Aṣọ péńpé ni àwọn ará ibí ń wọ̀ tó bá rí bẹ́ẹ̀. Davos ní oṣù Jánúárì, 10 sí ìsàlẹ̀ òdo kì í ṣe ohun àjèjì lóru àti ní ìdájí. Bí atẹ́gùn bá wá ń fẹ́ ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan, bí 20 sísàlẹ̀ òdo ló máa rí sí awọ ara tí kò bá lábò. Ara Ìbàdàn kò lè ti ilé kọ́ ìyẹn.

Àmọ́ ọyẹ́ wúlò fún nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, bíi ti orí òkè. Ẹni tó bá sáré nínú ọyẹ́ á mọ bí ọ̀fun ṣe ń gbẹ àti bí ètè ṣe ń là. Kó lo àkókò yẹn láti kọ́ bí a ṣe ń mumi ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, kó sì kọ́ bí a ṣe ń gba inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mí. Eruku ọyẹ́ náà kò dára fún àyà. Lọ́jọ́ tí o kò bá lè rí Cocoa House láti Mọ́kọ́lá, má jáde rárá.

Ṣẹ́gun_Adágún_Ẹlẹ́yẹlé

Mo gbà. Ẹ ṣeun.

Ronkẹ́_Agodi

Èmi ní ásímà, mo sì fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà nígbà òtútù. Ṣé mo lè sáré níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Títí

Ronkẹ́, afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ wà lára ohun tó ń mú kí ọ̀nà èémí ẹlẹ́ásímà há. Bo imú àti ẹnu rẹ, kí èémí rẹ lè máa gbóná díẹ̀ kó tó wọlé. Kí o tó lọ, béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ bóyá kí o fa inhéilà kí o tó sáré. Inú aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ, ni kí inhéilà náà wà. Bí ó bá dì, kò ní tú oògùn jáde bó ṣe yẹ.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Bódìjà

Ẹ kú àtàárọ̀. Ọmọ mi obìnrin ló ka ọ̀rọ̀ yín sí mi létí, òun náà ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹja inú yìnyín ni mò ń tà, ó ti lé ní ogún ọdún. Mo mọ òtútù ọwọ́, mo sì fẹ́ kí ọmọ yìí gbọ́ tẹnu mi.

Ìka kì í kọ́kọ́ kú. Yóò kọ́kọ́ máa ta ọ́ ṣóró-ṣóró bí abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, yóò dákẹ́. Ọmọ tó bá jẹ́ tuntun níṣẹ́ wa, tí ìka rẹ̀ bá dákẹ́, á ní ara òun ti mọ́ ọn. Kò mọ́ ọn o. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kí o bẹ̀rù. Wo àwọ̀ rẹ̀. Àwa dúdú, kì í pọ́n lára wa, kì í sì í funfun bíi tàwọn òyìnbó. Yóò dà bí eérú, kò ní dán, bí o bá sì tẹ̀ ẹ́, yóò le. Ìbọ̀wọ́ tó ti rin fún omi tún lè burú ju àìwọ ìbọ̀wọ́ lọ. Méjì ni kí o mú dání, kí ọ̀kan gbẹ nínú báàgì. Ìka tó bá sì ti dákẹ́, má fi ọwọ́ kejì ra á, má sì yá a lẹ́bàá iná, nítorí ìka tó ti dákẹ́ kò mọ ìgbà tí iná ń jó o. Abíyá ni kí o fi sí.

Ibi tí mo ti ń ra ẹja, wọ́n ní yàrá yìnyín ńlá. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Wá bá mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn aago méjì, kó gbogbo ohun tí o fẹ́ wọ̀ wá. Wọ́n á jẹ́ kí o wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èmi fúnra mi á dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìlẹ̀kùn kò ní tì.

Nọ́ọ̀sì_Títí

Ìyá, ẹ ṣeun. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Bí ìka bá ti le gan-an, ilé ìwòsàn ni, inú omi lílọ́wọ́ọ́ tó tó dígírì 37 sí 39 ni wọ́n ti ń yọ́ ọ. Bí a bá ṣì wà lórí òkè tí ó ṣeé ṣe kí ó tún dì, ẹ má yọ́ ọ, ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó ń yọ́ tó tún ń dì ló ń ba ẹran ìka jẹ́ jù.

Àbẹ̀kẹ́_Asáré

Mo ti lọ sí yàrá yìnyín náà. Ìyá, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín.

Ìdúró ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Òṣùwọ̀n ara ògiri sọ pé 18 sísàlẹ̀ òdo. Ohun àkọ́kọ́ ni irun imú mi, mo mí sínú, ó dì mọ́ra wọn. Mo gbìyànjú gbogbo ohun tí mo máa ṣe lórí òkè. Mo lè fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n síìpù báàgì kéré jù, ìbọ̀wọ́ kò dì í mú. Mo ní kí n tú okùn ọ̀rá tí mo di oúnjẹ sí, ó kọ̀. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún láti tú u. Kí n tó kà dé ọgbọ̀n, ìka náà ti ń ta mí bí ìyá ṣe wí. Fóònù mi tí bátìrì rẹ̀ wà ní ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí mo wọlé kú sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo jáde tó gbóná, ó tún tàn.

Nígbà tí mo délé, mo so okùn bàtà àtijọ́ mọ́ gbogbo síìpù tó wà lára báàgì náà, gígùn ìka kan, tí mo fi lè fi gbogbo ọwọ́ fà á. Oúnjẹ, n kò ní di í ní okùn mọ́.

ỌmọYemẹtu_Zürich

Okùn síìpù yẹn, gbogbo ará ibí ló ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. O káre.

Omi ńkọ́? Ike omi, dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú báàgì. Láti òkè ni omi ti ń dì, bí o bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ìdí ike ló máa kọ́kọ́ dì, ẹnu rẹ̀ á ṣì ṣí. Omi lílọ́wọ́ọ́ ni kí o rọ sí i nílé. Báàgì olómi tó ní ọ̀pá gígùn tí ẹ fi ń mu níbi eré Èkó yẹn, má gbé e wá. Ọ̀pá rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dì.

Àlàájà_Dòdò_Ìkirè

Oúnjẹ ni mo fẹ́ bá yín dá sí. Èmi náà ń sáré, n kì í sá jìnnà, àmọ́ mo máa ń ṣe oúnjẹ fún àwọn tó ń sáré. Dòdò Ìkirè, ó ní ṣúgà, ó ní òróró, ó ní iyọ̀ díẹ̀, ó sì rọ̀. Dàbínù àti kúlíkúlì náà dára nílé, ṣùgbọ́n mo fi dàbínù sí fírísà lóru kan nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ó le bí òkúta. Eyín lè kán sí i. Dòdò Ìkirè le díẹ̀, àmọ́ ó ṣì ṣeé jẹ.

Ibi yòówù kí o fi oúnjẹ sí, kó má ṣe jẹ́ àpò ìta báàgì.

ỌmọYemẹtu_Zürich

Ó kù ohun kan tí n kò fẹ́ sọ ní kúkúrú, nítorí òun ló ń pa ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe pàápàá. Ìyẹn ni yìnyín tó máa ń ya wálẹ̀ láti ara òkè.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ fojú inú wo ògiri alámọ̀ tí òjò ti rọ̀ sí fún ọjọ́ mẹ́ta, tó ń dúró bí ẹni pé kò ní ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni yìnyín ṣe ń dúró lára òkè, ìpele lórí ìpele. Bí ìpele kan nínú wọn bá jẹ́ aláìlágbára, ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó, gbogbo rẹ̀ á já, á sì ya wálẹ̀. Ibi tó dagun tó 30 sí 45 dígírì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá sì bò mọ́lẹ̀, bí wọn kò bá hú u láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ṣòro.

Orí ire rẹ ni pé Davos gan-an ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí yìnyín wọn wà, SLF ni wọ́n ń pè é. Lójoojúmọ́ ní ìgbà òtútù, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé ìkéde ewu jáde, wọ́n sì tún ń ṣe òmíràn ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ìpele 1 dé 5 ni. Ó wà lórí fóònù. Bí èèyàn bá rò pé ìpele 3 ṣì wà láàárín, àárín ni ikú ti ń pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kú lọ́jọ́ tí ewu wà ní ìpele 3, torí wọ́n rò pé kò tíì burú.

Ìwọ, ọ̀nà ìrìn tí wọ́n ti tọ́jú nìkan ni kí o gbà. Àmì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ pínkì, ó ń dúró lójú ọ̀nà, wọn a sì ti tì í bí ewu bá wà. Tí àwọn tí ẹ jọ lọ bá ní ká gba ẹ̀gbẹ́ òkè tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ yìnyín rẹ̀, sọ fún wọn pé o ń yí padà. Máà jẹ́ kí ìtìjú àlejò mú ọ. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, ti ọkọ̀ òfúrufú tó ń gbani là lórí òkè ni 1414. Kọ wọ́n sórí ìwé, torí fóònù tó kú kò lè rántí nǹkan kan fún ọ. Súfèé gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan ni kí o máa fọn ún, kí o dúró ìṣẹ́jú kan, kí o tún fọn. Ibẹ̀, gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ ló mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ewu.

Ṣe àkíyèsí oòrùn náà. Ní Jánúárì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mẹ́jọ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nǹkan bí aago márùn-ún ni oòrùn á sì wọ̀. Nínú àfonífojì, òkè máa ń bo oòrùn kó tó wọ̀. Bí òjìji bá ṣẹ̀ bò ọ́, wà á rí bí òtútù á ṣe já lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bàbá_Ìbejì_ÒkèÀdó

Ẹ jẹ́ kí n béèrè. Ṣé òrí ò ní jẹ́ kí ojú àti etí ó móoru? Mo rò pé ká fi òrí pa gbogbo ojú.

Nọ́ọ̀sì_Títí

Òrí dára fún ètè àti awọ tó gbẹ, bàbá. Kò dá òtútù dúró. Ẹni tó bá fi pa ojú lè rò pé òun ti lábò, kó má bo etí. Fìlà tó bo etí ni ojútùú. Oòrùn tún wà níbẹ̀ o. Yìnyín funfun ń da ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sójú láti ìsàlẹ̀, ó lè tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀. Ó lè sun ojú lọ́nà tí ojú á fi máa ta bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i, fún odidi ọjọ́ kan tàbí méjì. Awò oòrùn tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú kò ṣeé fi sílẹ̀. Dúdú kò ní kí oòrùn òkè má sun wá, fi ìpara oòrùn pa abẹ́ imú àti abẹ́ àgbọ̀n.

Àbẹ̀kẹ́_Asáré

Ẹ káàárọ̀ o. Oṣù Febúárì la wà yìí, láti Davos ni mo ti ń kọ ọ́. Mo ti sá a.

Ọjọ́ kejì tí mo dé, orí fọ́ mi, mo rìn lọ síbi adágún nìkan, ó lọ ní ọjọ́ kẹrin. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, n kò sáré. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú ogójì-ogójì lórí ọ̀nà tí wọ́n ti ha.

Kìlómítà 22 náà kò rí bí a ṣe rò ó. Alẹ́ tó ṣíwájú, ìkéde jáde, ìpele 3. Ẹni tí a jọ ń lọ ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ kí n tó lanu, a sì mú àfonífojì Sertig, ọ̀nà àwọ̀ pínkì ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin. A gbéra ní aago mẹ́sàn-án. Òtútù 11 sísàlẹ̀ òdo. Mo gbọ̀n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo rántí pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kò sì pẹ́ tí ó fi lọ. Níbi tó dagun, gbogbo wọn sáré, èmi ń rìn bí mo ṣe ń rìn ní Òkè Ààrẹ. Wọ́n dúró dè mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti mọ̀ nípa AS, wọ́n sì mọ àpò tí ìwé náà wà.

Yìnyín tuntun bo ọ̀nà nígbà tí a gun òkè díẹ̀. Ó dà bí iyanrìn, àmọ́ kì í dún bí iyanrìn. Ó ń ké *ríkí, ríkí* lábẹ́ bàtà, bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ gúgúrú. Kìlómítà kan wá ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mọ́kànlá. Ní kìlómítà 8 ààbọ̀, ìka òsì mi dákẹ́. Kò ta mí mọ́. Mo rí i pé ìbọ̀wọ́ ti tutù látìgbà tí mo ṣubú. Mo sọ fún wọn, a dúró, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì ńlá, mo fi ọwọ́ sí abíyá, mo ń kà. Ìṣẹ́jú mẹ́fà kó tó padà bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mo wọ ìbọ̀wọ́ kejì, a sì yí padà níbẹ̀. Kìlómítà 17 ló já sí, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú àádọ́ta. Ìsọ̀kalẹ̀ kò ṣe itan mi ní nǹkan kan, bàbá. Ẹ ṣeun.

Ike omi mi tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ ṣí, ti ẹnìkejì mi dì. Dòdò Ìkirè wà nínú aṣọ kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà mi, ó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín in. Mo fún gbogbo wọn jẹ. Wọ́n ní kí n mú púpọ̀ wá nígbà tó ń bọ̀, mo wá ń bẹ Àlàájà pé tí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ níhìn-ín, kí ẹ fi rán an.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Bódìjà

Ọmọ mi, ìka ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́_Asáré

Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà níbẹ̀, mà. Òsì méjì ń bó díẹ̀ lórí, dókítà ti wò ó, ó ní á padà bọ̀ sípò. Ìbọ̀wọ́ ńlá náà àti awò oòrùn, mò ń kó wọn bọ̀ nílé ní Épúrù. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó lọ́dún tó ń bọ̀, kó kọ orúkọ rẹ̀ síbí, kò ní san kọ́bọ̀.

Ronkẹ́_Agodi

Ẹ kọ orúkọ tèmi sílẹ̀.